Ẹyọ MOF mi ń lẹ̀ mọ́ra, ìtóbi rẹ̀ ò sì dúró sójú kan: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Mojí_Gwagwalada:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú lábù, ẹ sì kú ooru. Akẹ́kọ̀ọ́ másítà ni mí. Alábòójútó mi ló fà mí wọnú iṣẹ́ MOF lẹ́yìn tí wọ́n fún Kitagawa, Robson àti Yaghi ní ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místírì lórí rẹ̀ lọ́dún 2025. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kírísítálì ni MOF. Mẹ́tàlì ni oríkèé rẹ̀, mólékù oníkábọ́ọ̀nù tí à ń pè ní líńkà ló so àwọn oríkèé náà pọ̀, inú rẹ̀ sì kún fún ihò tóótòòtó.

Òjé ni mo fẹ́ fi yọ kúrò nínú omi kànga. Ẹ ó rántí Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, òun ni mo ṣe yan iṣẹ́ yìí.

MOF méjì ni mò ń ṣe. Ọ̀kan ni ZIF-8, tó jẹ́ síńkì àti 2-methylimidazole. Èkejì ni UiO-66-NH2, tó jẹ́ zirconium àti líńkà tó ní amino (NH2). XRD, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X wo kírísítálì, sọ pé kírísítálì ZIF-8 mi tó bíi nanomita 40, àmọ́ DLS, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ìtóbi ẹyọ nínú omi, ní 600 ni. Mo ti gbé e sínú ultrasonic, ẹ̀rọ tó ń fi ìró gbọn nǹkan tú ká, kò yí padà. UiO-66-NH2 ní tiẹ̀, ìwọ̀n kan náà ni mo máa ń lò, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó kéré, nígbà mìíràn ó tóbi. Alábòójútó mi ní kí n kọ́kọ́ yanjú ìtóbi, kí n tó wá ronú nípa ojú rẹ̀, ìyẹn ohun tó wà lára ẹyọ náà níta àti iná tó gbé. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ṣe máa ń ṣe é?


Ẹ̀gbọ́n_Zaria:

Mojí, o kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ DLS yẹn ń bọ̀, jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e láti ìdí.

Nígbà tí èròjà inú omi bá pọ̀ kọjá ohun tí omi náà lè gbé, hóró kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú omi á wá máa lẹ̀ mọ́ àwọn hóró yẹn, wọ́n á máa dàgbà. Fojú inú wo oúnjẹ òde ìnáwó. Ìkòkò kan náà ni. Bí àlejò bá rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà, ìpín oníkálukú á kéré, á sì dọ́gba. Bí wọ́n bá jẹ́ díẹ̀, abọ́ á kún. Bí wọ́n bá ń dé ní méjì-mẹ́ta, àwọn tó tètè dé á yó, èérún ni ẹni tó dé kẹ́yìn á bá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kó kéré, kó wá bí hóró ṣe máa pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó dọ́gba, kó rí i pé gbogbo hóró yọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí òmíràn má sì yọ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Fún ZIF-8 nínú methanol, síńkì 1 sí methylimidazole 8, ní ìgbóná yàrá, á fún ọ ní nǹkan bíi nanomita 40 sí 50. Bí o bá fẹ́ ṣe é nínú omi lásán, ìwọ̀n tó ti wà nílẹ̀ láti 2011 rèé: gíráàmù 1.17 zinc nitrate hexahydrate nínú gíráàmù omi 8, àti gíráàmù 22.7 methylimidazole nínú gíráàmù omi 80. Ìyẹn jẹ́ 1 sí 70. Láàárín ìṣẹ́jú 5 ó ti parí, ẹyọ rẹ á sì tó bíi nanomita 85. Owó methylimidazole yẹn máa ń dun èèyàn, ṣùgbọ́n ó ní ìdí tó fi pọ̀ bẹ́ẹ̀. Methylimidazole gbọ́dọ̀ ju hydrogen rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lè di síńkì mú. Nínú omi, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe bíi alkali tó ń gba hydrogen náà lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá kéré jù, zinc hydroxide ló máa dà sílẹ̀ fún ọ.

Ọwọ́ ṣe pàtàkì. Da omi síńkì sínú èkejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ohun tó ń rò ó ti máa yí kíkankíkan kó o tó dà á. Ẹni tó bá ń fi pípẹ́ẹ̀tì kán an sí i díẹ̀díẹ̀, àlejò tó ń dé ní méjì-mẹ́ta ló ń pè.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú jù ni modulator, ìyẹn èròjà tí a ń fi kún un láti darí bí kírísítálì ṣe ń dàgbà. Wọ́n á ní "modulator ń sọ ọ́ di kékeré", àwọn mìíràn á ní "ó ń sọ ọ́ di ńlá". Ìwà méjì ló wà nínú rẹ̀. Alkali bíi n-butylamine máa ń bá methylimidazole ju hydrogen sílẹ̀, hóró á pọ̀, ẹyọ á kéré. Sodium formate àti 1-methylimidazole ń bá a du síńkì ni, hóró á dín, ẹyọ á tóbi. Àwọn onímọ̀ ní Hannover ní Jámánì ló tò ó kalẹ̀ fún wa lọ́dún 2011, wọ́n sì ṣe ti zirconium náà lọ́dún yẹn. Ní ti zirconium, acetic acid àti benzoic acid máa ń di mẹ́tàlì náà mú, kí líńkà má baà tètè rí àyè. Bí o bá fi kún un, hóró á dín kù, kírísítálì á tóbi, á sì tún dá yàtọ̀ dáadáa. Bí kò bá sí modulator rárá, ohun kéékèèké tó ti hù wọnú ara wọn lo máa rí. Ultrasonic ò lè tú irú ìyẹn ká.


Àbíkẹ́_Kúbwà:

Àbúrò, ṣé iná kì í lọ nígbà tí UiO-66 rẹ bá wà nínú ovun? 120 °C fún wákàtí 24 ni ọ̀pọ̀ ìwé ń sọ, ta ló ń rí iná bẹ́ẹ̀ gbà láì ṣẹ́jú? Bí ovun bá tutù lóru, tó tún gbóná nígbà tí iná dé, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé lo ṣe mọ́.

Gbé ọ̀nà mìíràn yẹ̀ wò. Àwọn ará Northwestern ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀kan jáde lọ́dún 2017: wọ́n kọ́kọ́ se zirconium propoxide pẹ̀lú acetic acid nínú DMF (omi kẹ́míkà tí a fi ń yọ́ èròjà) ní 130 °C fún wákàtí 2, kí oríkèé zirconium ti wà nílẹ̀. Nígbà tó tutù, wọ́n da líńkà sí i, wọ́n rò ó mọ́jú ní ìgbóná yàrá. Wákàtí 2 péré lo máa fi wá iná. Jẹnẹrétọ̀ lè gbé ìyẹn.


Bàbá_Jos:

Ẹ kú ìjíròrò. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ kírísítálì tipẹ́, èmi á sì sọ pé ojú ọjọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Zirconium chloride, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe UiO-66, ń mu ọ̀rinrin. Ṣí ìgò rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ní Abuja, wàá rí èéfín funfun tó ń rú lẹ́nu ìgò. Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń bá a jà, ásíìdì hydrochloric ló sì ń jáde yẹn, ẹ má fi imú sí i. Ṣí i nígbà ọyẹ́, èéfín náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ohun tí o wọ̀n lórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà, bí nọ́ńbà tiẹ̀ bára mu. Omi tó wọ inú rẹ̀ ń mú kí oríkèé zirconium tètè dì, hóró á pọ̀, ẹyọ á kéré. Ìyẹn lè jẹ́ ìdí tí tìrẹ kì í fi í rí bákan náà.

Ohun tí mo máa ń gba àwọn ọmọ níyànjú ni pé kí wọ́n lo zirconium oxychloride tó ní omi 8 nínú tẹ́lẹ̀. Kò gbówó lórí tó ti chloride, omi inú rẹ̀ sì ṣe é kà. Bí ìwé bá wá sọ pé kí o fi omi kún un, wàá mọ iye tó wà níbẹ̀ gan-an.

Gbọ́ òórùn DMF rẹ láti òkèèrè. Bó bá ń rùn bí ẹja, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ó ti ń tú ká sí dimethylamine àti formic acid. Wo ohun tí ẹ̀gbọ́n wa láti Zaria kọ sókè: dimethylamine jẹ́ alkali, formic acid jẹ́ modulator. Modulator méjì tí ìwọ ò wọ̀n ti wà nínú ìgò. Kọ ọjọ́ tí o ṣí ìgò náà sára rẹ̀, gbé e sí ibi òkùnkùn, má sì ra ńlá tí o ò ní lò tán.

Ìgbóná yàrá náà ńkọ́? Ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé ní Yúróòpù ń sọ 20 sí 25 °C. Ní oṣù Kẹta, ọ̀sán Abuja lè kọjá 35. Bẹ́ẹ̀ ní Jos níbí, nígbà ọyẹ́, àárọ̀ máa ń tutù débi pé èèyàn á wọ súwẹ́tà nínú lábù. ZIF-8 inú methanol máa ń kéré sí i bí ooru bá pọ̀. Gbé ìgò méjèèjì sínú báàfù omi kan náà, wọn ìgbóná rẹ̀ kó o tó pò ó, kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé. Má kọ "ìgbóná yàrá" sínú tíísì rẹ láé.


Bọ̀dé_Minna:

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ owó kún un, torí kò sí ẹni tó ń fún wa ní gíráǹtì ńlá níbí.

UiO-66 tí kò ní amino, ike lè fún ọ ní líńkà rẹ̀. Ìgò omi tó mọ́ gaara ni mò ń sọ o, èyí tí wọ́n kọ PET sí ìdí rẹ̀. Nylon pure water kì í ṣe PET, polythene ni, wàá kàn se é lásán ni. Gé ìgò náà wẹ́wẹ́, se é nínú sodium hydroxide títí tí á fi yòrò, sẹ́ ẹ, kó o fi ásíìdì sí i. Terephthalic acid, ìyẹn líńkà náà, á jókòó sí ìsàlẹ̀ funfun báláú. Má lo ìgò aláwọ̀ ewé. Àmọ́ mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe ìgò sábà máa ń fi isophthalic acid díẹ̀ sínú PET. Òun àti terephthalic jọ ń jáde ni, ìrísí rẹ̀ ò sì gún régé fún UiO-66. Tún un fọ̀, tún un yọ́. Bó bá jẹ́ ìtóbi lo ń wádìí, lo ti ìgò kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lórí omi: má lo pure water inú nylon fún ZIF-8, má sì lo omi bátìrì tí wọ́n ń tà ní ilé epo láì yẹ̀ ẹ́ wò. Òmíràn níbẹ̀ ti ní ásíìdì nínú, ásíìdì sì ń jẹ ZIF-8. Omi distilled láti inú lábù rẹ, tí o fi conductivity mita wò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ló dáa jù.

Bí o bá wá fẹ́ yí ìtóbi ZIF-8 padà nínú omi, fi CTAB, èròjà kan tó dà bí ọṣẹ, díẹ̀ sí i. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú kírísítálì, ìdàgbà á fà sẹ́yìn, wàá rí oníhà mẹ́fà tó dà bí ṣúgà onígun, láti bíi 100 nanomita títí dé máíkírò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an torí pé ó rọrùn, àwòrán SEM rẹ̀ (ti máíkírósíkópù oní-electron) sì máa ń rẹwà.


Mojí_Gwagwalada:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Bàbá Jos, ẹ kú àlàyé. DMF lábù wa ń rùn bí ẹja lóòótọ́, mo sì rò pé bó ṣe máa ń rùn nìyẹn. Àbíkẹ́, iná ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n Zaria, 40 àti 600 yẹn ṣì ń dà mí láàmú. Èwo ni kí n kọ?


Ẹ̀gbọ́n_Zaria:

Kọ méjèèjì, kó o sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n. XRD ń sọ bí kírísítálì kan ṣe tóbi tó nínú ara rẹ̀. DLS ń wo bí ohun tó wà nínú omi ṣe ń sáré kiri. Bí kírísítálì ogún bá so mọ́ra, odidi kan ni DLS rí, ó sì tún ń ka omi tó bá a rìn mọ́ ọn.

Kọ́kọ́ yẹ XRD rẹ wò. Nínú àwòrán tí XRD yà, ZIF-8 ní òkè kan ní nǹkan bíi 7.3°. Bí fífẹ̀ òkè náà bá jẹ́ 0.2°, ìṣirò Scherrer, tó ń fi fífẹ̀ òkè wá ìtóbi kírísítálì, pẹ̀lú ìtànṣán Cu Kα á fún ọ ní nanomita 40. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ní fífẹ̀ tirẹ̀ tó ń fi kún un, o gbọ́dọ̀ fi ohun òṣùwọ̀n yọ ọ́ kúrò. Bó bá kọjá 100 nanomita, má gbẹ́kẹ̀ lé Scherrer mọ́, lọ wo SEM tàbí TEM, tí òun náà jẹ́ máíkírósíkópù oní-electron.

Ní ti DLS, mọ èyí: ìmọ́lẹ̀ tí ẹyọ ń tú ká máa ń ga pẹ̀lú ìtóbi rẹ̀ ní agbára kẹfà: bí ìtóbi bá di ìlọ́po mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ á di ìlọ́po mílíọ̀nù kan. Ìdì kan tó jẹ́ 400 nanomita ń tàn tó mílíọ̀nù kan ẹyọ 40. Ìdì díẹ̀ péré ti tó láti bo gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku gan-an lè jẹ́ 600 rẹ. Sẹ́ omi tí o máa fi là á nípasẹ̀ fílítà kó o tó fi ẹyọ sínú rẹ̀, fi ideri bo cuvette, fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi tí o ti sẹ́. Má sẹ́ ẹyọ náà fúnra rẹ̀, torí wàá sẹ́ ohun tí o ń wá dànù.

Wàyí o, ìbéèrè kan: ṣé o máa ń gbẹ ẹ́ kó o tó wọ̀n ọ́n?


Mojí_Gwagwalada:

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Mo máa ń gbẹ ẹ́ nínú ovun, mo máa ń lọ̀ ọ́ nínú odó kékeré, kí n tó padà fi sínú omi.


Ẹ̀gbọ́n_Zaria:

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí omi ṣe ń gbẹ láàárín ẹyọ méjì, ó ń fà wọ́n súnmọ́ra. Bí wọ́n bá ti fara kan ara wọn, ohun tó wà lójú wọn á so pọ̀, wọn ò ní tú mọ́. Má gbẹ èyí tí o fẹ́ fi wọn ìtóbi tàbí iná ojú rẹ̀. Yí i nínú sẹ́ńtífúùjì, da omi orí rẹ̀ nù, fi ethanol tàbí methanol tuntun pò ó, ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó o sì fi pamọ́ sínú ethanol bẹ́ẹ̀. Láti mọ iye tó wà nínú ìgò, bu mílílítà 1, gbẹ ìyẹn nìkan, wọ̀n ọ́n. Èyí tí o fẹ́ fi wọn ihò inú rẹ̀ pẹ̀lú nitrogen lo lè gbẹ tán.

Ẹyọ 40 nanomita nílò sẹ́ńtífúùjì tó lágbára, ó kéré tán 10,000 rpm. Bí tìyín ò bá tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó kéré jù lo ń dà nù pẹ̀lú omi orí rẹ̀, àwọn ńlá nìkan lo ń wọ̀n. Wo omi tí o dà nù yẹn nínú ìmọ́lẹ̀: bó bá ní àwọ̀ búlúù díẹ̀díẹ̀, ẹyọ rẹ ṣì wà níbẹ̀.


Dókítà_Idu:

Àbúrò mi Mojí, mo bọ̀wọ̀ fún alábòójútó rẹ, ṣùgbọ́n èmi ò rí bí èèyàn ṣe lè pín ìtóbi àti ojú níyà. Oògùn ni èmi ń kó sínú MOF, ojú ẹyọ sì ni àárọ̀ àti alẹ́ mi.

Ohun tó dá ìdàgbà dúró, ojú ẹyọ náà ló máa ń kù sí. Acetic acid tí o fi dín hóró kù kì í bá omi ìfọ̀ lọ tán. Ó di zirconium mú níta, ó sì tún wọ inú lọ gba àyè líńkà. Ibi tó yẹ kí líńkà rẹ tó ní amino wà, kó máa dúró de òjé, acetate ló jókòó síbẹ̀. Nígbà tí o bá ní o fẹ́ wá ṣètò ojú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú ti wà tẹ́lẹ̀, ìwọ lo ṣe é lọ́jọ́ tí o yan modulator. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ni ojú yìí máa ṣe nínú omi kànga. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o wá modulator tó bá a mu tàbí èyí tó ṣe é fọ̀ kúrò. Formic acid kéré, ó rọrùn láti yọ ju benzoic lọ. DMF gbígbóná tó ní HCl díẹ̀ máa ń yọ púpọ̀ nínú wọn, kó o wá fi methanol yọ DMF náà.

Báwo lo ṣe máa mọ ohun tó kù? Bí o bá rí TGA lò, ẹ̀rọ tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń fúyẹ́ bó ṣe ń gbóná, sun ún nínú afẹ́fẹ́ títí tí zirconium oxide nìkan á fi kù, pe ìyẹn ní 100. UiO-66 tó pé, lẹ́yìn tí omi rẹ̀ ti lọ, gbọ́dọ̀ wà ní 220. Tìrẹ tó ní amino, bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, yẹ kó wà ní 232. Bó bá wà nísàlẹ̀ ìyẹn, líńkà ò pé. Àìpé yẹn kì í ṣe ohun burúkú ní gbogbo ìgbà, torí ibi tí líńkà ti ṣí sílẹ̀ ń fẹ ihò, ó sì lè gba nǹkan mú. Ohun tó burú ni kó máa yàtọ̀ láti ìgò dé ìgò láìjẹ́ pé o mọ̀.

Lórí iná ojú rẹ̀, ìyẹn zeta: bó bá kọjá +30 mV tàbí tó lọ sísàlẹ̀ −30 mV, ẹyọ á máa ti ara wọn sẹ́yìn, wọn ò ní tètè lẹ̀ pọ̀. Bó bá súnmọ́ 0, kò sí ultrasonic tó máa gbà ọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà zeta tí kò ní pH àti iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. UiO-66 ní iná rere nínú omi tó ní ásíìdì díẹ̀, bí pH ṣe ń gòkè ló ń yí sí òdì. Omi kànga ní iyọ̀, ó ní calcium. Wọ̀n ọ́n nínú omi kànga fúnra rẹ̀.

Má sì jẹ́ kí phosphate súnmọ́ ọn. Phosphate ń já síńkì gbà lọ́wọ́ ZIF-8, ó ń lẹ̀ mọ́ zirconium pinpin. Àwa tá à ń ṣe oògùn mọ èyí dáadáa, nítorí pé PBS, omi iyọ̀ tó ní phosphate tí gbogbo èèyàn ń lò fún sẹ́ẹ̀lì, ń sọ ojú ẹyọ di nǹkan mìíràn kí a tó bẹ̀rẹ̀. Fún ìwọ, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: òjé àti phosphate máa ń dì pọ̀, wọ́n á jókòó sí ìsàlẹ̀, ìwọ á sì máa rò pé MOF ló gbé òjé lọ.

Bọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, èmi ò fara mọ́ CTAB fún iṣẹ́ yìí. Ó ń pa sẹ́ẹ̀lì, ó ń pa bakitéríà, kì í sì í tètè kúrò lójú kírísítálì. Ta ló máa mu omi náà?


Bọ̀dé_Minna:

Dókítà, mo gbọ́, òótọ́ ni. Iṣẹ́ gáàsì ni tèmi, kò sí ẹni tó ń mu ún. Fún omi mímu, kó lo methylimidazole púpọ̀ nìkan, láìsí CTAB.


Rẹ̀mí_Kàdúná:

Fún ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n ti lè wo nǹkan: ilé iṣẹ́ ìwádìí ńlá wà ní Sheda lójú ọ̀nà Lokoja, lábù alájọlò sì wà ní ABU Zaria. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fẹ́ ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wo SEM, ẹ kán ẹyọ tó ti là dáadáa nínú ethanol sórí silicon tàbí foil, kó gbẹ níbẹ̀. Ẹ má gbé ìyẹ̀fun lọ. Ìyẹ̀fun ló ń jẹ́ kí SEM máa fi òkìtì hàn wá.


Mojí_Gwagwalada:

Ẹ̀yin àgbà, mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé bí ẹyọ bá ṣe kéré tó ni yóò ṣe yọ òjé tó? Ṣé kí n máa lé 20 nanomita?


Ẹ̀gbọ́n_Zaria:

Rárá o. Bó bá kéré, òjé á tètè dé inú rẹ̀ lóòótọ́, ojú tó kọ síta á sì pọ̀. Àmọ́ ojú tó pọ̀ níta náà ni omi fi ń jẹ ẹ́. ZIF-8 tí o bá là sínú omi púpọ̀ máa ń tú síńkì sílẹ̀, èyí tó kéré sì máa ń yára tú u. Wọn síńkì nínú omi lẹ́yìn iṣẹ́, má wọn òjé nìkan.

ZIF-8 tún máa ń gbé pH omi sókè. Bí pH bá gòkè, òjé fúnra rẹ̀ á dì bíi hydroxide. Bí o bá dín pH kù sí 5 kó má baà dì, ásíìdì á jẹ ZIF-8. Nítorí èyí, èmi á fi zirconium tó ní amino ṣe gbòógì iṣẹ́ náà, kí ZIF-8 jẹ́ èyí tí o fi kọ́ bí a ṣe ń darí ìtóbi. Ní gbogbo ìgbà, gbé ìgò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ní òjé ṣùgbọ́n tí kò ní MOF, ní pH kan náà. Iye tó bá sọnù níbẹ̀, yọ ọ́ kúrò nínú iye tí MOF gbà. 0.01 mílígíráàmù nínú lítà kan ni ààlà òjé nínú omi mímu, ìsàlẹ̀ ìyẹn ni kó o máa lé.


Dókítà_Idu:

Kó o sì rántí pé a kì í tú ẹyọ nano sínú omi tí èèyàn máa mu. Èyí tó wà láàárín 100 sí 200 nanomita á rọrùn láti kó jọ nínú sẹ́ńtífúùjì. Lẹ́yìn náà, pò ó mọ́ sodium alginate (ohun tí wọ́n ń yọ láti ara koríko òkun), kán an sínú calcium chloride, á di hóró rogodo tí o lè kó sínú ọ̀pá tí omi ń gbà kọjá. Alginate náà ń gba òjé díẹ̀, nítorí náà ṣe hóró tí kò ní MOF pẹ̀lú, wọn tiẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí ẹyọ bá ti wà nínú alginate, zeta rẹ̀ ò ṣe pàtàkì tó tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bóyá amino rẹ ṣì ṣí sílẹ̀. Wo FTIR, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ infrared dá ìsopọ̀ inú nǹkan mọ̀, kó o tó pò ó àti lẹ́yìn rẹ̀.


Àbíkẹ́_Kúbwà:

Mojí, DMF máa ń gba awọ ara wọlé, kò dáa fún obìnrin tó bá lóyún, latex tín-ínrín ò sì dá a dúró. Wá ìbọ̀wọ́ butyl. Methanol ń fọ́ ojú. Má da èyíkéyìí nínú wọn sí gọ́tà. Wá ìgò méjì tó ní ìdérí, kọ "DMF àti methanol" sára ọ̀kan, kọ "òjé" sára èkejì, má jẹ́ kí wọ́n pàdé. Èyí tó jẹ́ ti òjé, fi sodium carbonate sí i títí òjé á fi dì sí ìsàlẹ̀, sẹ́ ẹ, tọ́jú ìdì náà sínú ike gbígbẹ, kó o fà á lé ẹni tó ń bójú tó pàǹtírí kẹ́míkà ní yunifásítì yín lọ́wọ́.